Ìlà èédú Màámi àti kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ mi

Gbólóhùn kékeré kan ni Màmá Kékeré sọ, ó sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tó ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ níwájú ilé wa ní Ìkọ̀lé, wọ́n gbójú sókè wo báńà tí a so mọ́ ẹnu géètì, wọ́n wò ó títí, wọ́n wá yíjú sí mi: "Ta rèé?"

Àbúrò ìyá mi ni wọ́n. Ọmú kan náà ni àwọn méjèèjì mu dàgbà. Ìrántí ọdún kan tí Màámi papòdà là ń ṣe lọ́jọ́ náà, orúkọ Màámi sì wà lábẹ́ báńà yẹn gàdàgbà. Ojú ni kò sí níbẹ̀. Ohun tó wà níbi tó yẹ kí ojú wà ni àwọn ègé onígun mẹ́rin aláwọ̀ búráùn tí wọ́n tò jọ bí ẹní tí wọ́n hun, tí nǹkan aláwọ̀ àlùkò kan gun orí wọn. Ẹni tó bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan ló lè mọ̀ pé gèlè ni.

Fọ́tò Màámi tó wà lọ́wọ́ mi lé ní 1,400. Nínú òmíràn o lè ka ìlà tó wà lábẹ́ ojú wọn ní oókan-oókan. Kọ̀ǹpútà kan tó jókòó sórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá mi ní Básírì, ní Adó-Èkìtì, ni gbogbo wọn wà. Olè ò jí i, kò jóná, kò sì bàjẹ́. Ó kàn ń dúró kí ẹnì kan tẹ bọ́tìnì kan ni.

Àká tèmi

Bí mo ṣe di onísáfà, ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà tirẹ̀ tọ́jú nǹkan kí fóònù rẹ̀ lè máa rí i níbikíbi, kò ní ìtàn gígùn. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2021, fọ́tò tuntun tí a bá kó sọ́dọ̀ Google bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ nínú GB 15 tí wọ́n ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Tèmi kún kí ọdún tó yí po. Mo wò ó pé dípò kí n máa san owó àká olówó ní oṣooṣù, ẹ jẹ́ kí n kọ́ àká tèmi. Àgbẹ̀ wo ní Èkìtì ló ń háyà ibi tí yóò kó iṣu rẹ̀ sí?

Ìjìgbò ni mo ti ra kọ̀ǹpútà náà, lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń ta tòkunbọ̀. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni, irú àwọn kékeré tí kò ju Bíbélì ńlá méjì tí a gbé léra wọn lọ. Wọ́n lẹ bébà pélébé kan mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọ́n fi èdè Jámánì kọ nǹkan sí. Nígbà tí mo yẹ hádìdíìsìkì rẹ̀ wò, ó ní òun ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 31,000. Fi 24 pín in: ó lé ní ọjọ́ 1,290, bí ọdún mẹ́ta àbọ̀ láìfojú ba oorun. Níbi tó ti ń bọ̀, wọ́n ti fún un ní ìwé ìfẹ̀yìntì. Ní Adó, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

(Irú wọn á sì tún pọ̀ sí i lọ́jà. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró, bẹ́ẹ̀ Windows 11 ń béèrè ẹ̀yà ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0 àti ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí kò pẹ́ púpọ̀. Kọ̀ǹpútà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ni wọ́n ń kó jùnù. Debian, ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows, ò béèrè ọjọ́ orí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.)

Ọ̀rọ̀ iná ni mo kọ́kọ́ ṣírò. Tí kò bá níṣẹ́ lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà náà ń jẹ bíi wáàtì 12. Ní ọ̀sán àti òru kan, wáàtì-wákàtì 288 nìyẹn. Bátìrì ìnfátà mi jẹ́ fóòtì 12, 100Ah, tí í ṣe wáàtì-wákàtì 1,200 lórí bébà. Ṣùgbọ́n bátìrì olómi ásíìdì ni, ẹni tó bá fẹ́ kó pẹ́ kò gbọdọ̀ fà á kọjá ìdajì. Ó ku 600. Kọ̀ǹpútà fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdajì ìyẹn lọ, fáànù àti gílóòbù ń pín ìyókù. Ìyá Ìbejì, ìyàwó mi, ti bi mí lẹ́ẹ̀kan pé ṣé kí òun máa fi àpótí mi fẹ́ra nígbà ooru ni.

Fún fọ́tò, mo fi Immich sí i, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣe bíi Google Photos lórí kọ̀ǹpútà ẹni. Íntánẹ́ẹ̀tì orí síìmù tí à ń lò nílé kì í fún èèyàn ní àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀. Ogunlọ́gọ̀ èèyàn ló ń pín ẹyọ kan lò. Nítorí náà mo gba ẹ̀bùrú, mo háyà sáfà kékeré kan lókè òkun, mo fi WireGuard, ètò tó ń la ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì, so òun àti kọ̀ǹpútà ilé pọ̀. Òru mẹ́ta ló gbà mí. Inú mi dùn bí ẹni tó ṣílé.

Ibi tí mo ti wá bá àṣejù pàdé nìyí. Olè wọ ilé kan ní àdúgbò wa lọ́jọ́ kan, wọ́n kó lápútọọ̀pù méjì. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ kejì, mo ti fi LUKS, ètò tó ń sọ ohun inú hádìdíìsìkì di àdììtú fún ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ ìfiwọlé, ti gbogbo hádìdíìsìkì mi pa. Ọ̀rọ̀ ìfiwọlé alámì 27 ni mo fún un, orí mi nìkan ló sì wà. Kọ̀ǹpútà yẹn ò ní mọnítọ̀, kò ní kíbọọ̀dù. Bó bá kú tó sì tún jí, èmi ni n ó jókòó ti lápútọọ̀pù mi nínú ilé kan náà kí n tó lè ṣí i. Mo kà á sí ọgbọ́n nígbà náà. Àwọn àgbà ní àṣejù, baba àṣetẹ́.

Alẹ́ F1

Ìbàdàn ni mo wà, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin ló gbé mi lọ. Ẹni tó ń bá wa tẹ báńà ní Òkèṣà, ní Adó, pè mí ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́: bí fọ́tò ò bá dé kí òun tó tìlẹ̀kùn, báńà ò ní bá ọjọ́ náà. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo ṣí fóònù mi kí n mú fọ́tò. Kò sí nǹkan kan. Àká mi ti kú.

Ìyá Ìbejì ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Ó ti tó ọjọ́ méjì tí iná ti lọ, òjò ò jẹ́ kí sólà rí oòrùn, ìnfátà sì ti kú lóru. Ṣùgbọ́n iná ti dé láti ọ̀sán. Fíríìjì jí, gílóòbù jí. Kí ló dé tí àpótí tèmi kò sọ̀rọ̀?

Mo ní kó gbé tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ wá síbẹ̀, kó fi wáyà HDMI so ó. Àwọn ìbejì ló bá a gbé e. Ó ka ohun tó wà lójú rẹ̀ fún mi lórí fóònù: kọ̀ǹpútà ní òun ò mọ ọjọ́ tí a wà, kí ẹnì kan jọ̀ọ́ tẹ F1 kí òun lè máa bá iṣẹ́ lọ. F1 kẹ̀, lórí kíbọọ̀dù wo? Ẹyọ kan tí mo ní, mo ti yá ẹnì kan. Ó lọ tọrọ ti tíṣà tó ń gbé iwájú ilé wa. Ó tẹ F1. Ọ̀rọ̀ ìfiwọlé ló wá kàn.

Ẹni tí kò bá tíì ka àmì 27 fún ìyàwó rẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń gé rí, kò tíì mọ ohun tí ìgbéyàwó jẹ́.

"Àmì dọ́là."

"Dọ́là báwo?"

"S tí wọ́n fi ìlà gún láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, G."

"G ńlá àbí kékeré? … Ẹ ẹ́ gbọ́ mi? … Mo ní ńlá àbí kékeré?"

Ohun tí ò ń tẹ̀ kì í sì í hàn sójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é nítorí àwọn tó ń yọjú wo nǹkan ẹlẹ́ni. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹta tí kò bọ́ sí i, ó kọ̀. A pa á, a yọ ọ́ nínú iná, a tún tàn án. Ó tún ti gbàgbé ọjọ́, ó tún ní ká tẹ F1. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la yí po bẹ́ẹ̀. Níkẹyìn mo gbọ́ tí Ìyá Ìbejì mí kanlẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, ṣé fọ́tò Màámi là ń wá ni àbí owó tó wà ní báńkì?"

Fóònù rẹ̀ kú lẹ́yìn ìyẹn. Àbúrò mi ọkùnrin, tó ti gbọ́ pé nǹkan ti dàrú, ti fi ohun kan ránṣẹ́ sí Òkèṣà: àwòrán tó yà látojú fóònù rẹ̀ lára sítátọ́ọ̀sì WhatsApp tí ẹnì kan ti gbé sókè lọ́dún tó kọjá. Pixel 720 ló fẹ̀, ìyẹn àwọn ẹyọ àwọ̀ kékeré tó para pọ̀ di àwòrán. Báńà wa fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 6, íńṣì 72. Kí ẹ tó sọ pé ẹlẹ́rọ ìtẹ̀wé ni kò mọṣẹ́, ẹ pín in wò: pixel 10 péré ló bọ́ sí ibi tó fẹ̀ tó àtàǹpàkò kan. Èmi tí mo máa ń fi ìṣirò wáàtì yangàn, ìṣirò yìí ni mo ṣe nínú ọkọ̀ nígbà tí a ká báńà náà sí ẹsẹ̀ mi, tí a ń gba Ifàkì, gba Ọ̀yẹ́, lọ sí Ìkọ̀lé. Mo ti mọ ohun tí a ká síbẹ̀ kí wọ́n tó tú u.

Mo tú kọ̀ǹpútà náà palẹ̀ nígbà tí mo padà dé Adó. Bátìrì aago rẹ̀ ló ti kú, irú èyí tó rí bí owó ẹyọ tí wọ́n ń pè ní CR2032. Nọ́mbà yẹn gan-an ni ìwọ̀n rẹ̀: mìlímítà 20 ní ìbú, 3.2 ní ìnípọn. Fóòtì 3 péré ló ń gbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa rántí aago àti ọjọ́ nígbà tí iná kò bá sí. Ó ṣeé ṣe kó ti kú kí kọ̀ǹpútà náà tó wọ ọkọ̀ ojú omi ní Yúróòpù. Mi ò mọ̀ nítorí pé ìnfátà mi ló ń bo àṣírí rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí iná kò bá já lẹ́nu rẹ̀ pátápátá, kò sídìí tí yóò fi bá bátìrì yẹn lò. Kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Mo ti fẹ́ di gbogbo ẹ̀bi ru bátìrì yìí. Ó dùn ún dì rù ú. Ṣùgbọ́n bí bátìrì ọ̀hún bá tiẹ̀ pé, ilẹ̀kùn kejì ṣì wà níwájú ìyàwó mi, èmi ni mo sì gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú agbárí ara mi.

Ògiri ilé ìdáná

Èlùbọ́ ni Màámi tà títí wọ́n fi darúgbó. Wọn ò fẹsẹ̀ kan ilé ìwé rí. Àwìn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà lọ́wọ́ wọn, ara ògiri ilé ìdáná ni wọ́n sì ń fi èédú kọ gbèsè sí. Oníkálukú ní àmì tirẹ̀. Télọ̀ ní sìsọ́ọ̀sì. Ìyàwó katikíìsì ní àgbélébùú. Obìnrin kan wà tó ga, igi ọ̀pẹ ni wọ́n yà fún un, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni sọ fún obìnrin náà. Ìlà gígùn dúró fún kóńgò kan, ìlà kúkúrú fún ààbọ̀. Tó o bá san, wọ́n á fi ìlà dábùú ìlà rẹ.

Gbogbo àwa ọmọ la mọ ògiri yẹn kà. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa, a kàn ń rí i bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ni. Nígbà tí wọ́n gbé Màámi lọ fún iṣẹ́ abẹ, tí wọn ò sí nílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló ń dúró níwájú ògiri láàárọ̀, tó ń jáde lọ gba owó. Ẹnì kan ṣoṣo ló jiyàn. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó máa bọ̀ wá wò ó fúnra rẹ̀. Obìnrin náà wọlé, ó ka ìlà rẹ̀, ó tún un kà, ó bú sẹ́rìn-ín, ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó sanwó.

Kí wọ́n tó kun ilé ìdáná yẹn lẹ́ẹ̀bù nígbà kan, Màámi ní kí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ da gbogbo àmì kọ sínú ìwé, kó sì fi ẹ̀dà kan sọ́dọ̀ Màmá Kékeré. Àwa tí à ń ṣe sáfà nílé, a máa ń fi òfin 3-2-1 pọ́n ara wa lójú: ẹ̀dà mẹ́ta, orí ohun èlò oríṣi méjì, kí ọ̀kan má sí nínú ilé. Ògiri, ìwé, ilé àbúrò.

Láti ìgbà tí mo ti rántí ògiri yẹn ni ọ̀rọ̀ Màmá Kékeré ti yí padà létí mi. Lákọ̀ọ́kọ́, ìtìjú báńà ló ń dùn mí. Nígbà tó yá, mo rí i pé Màámi tí kò mọ A yàtọ̀ sí B ní àkọsílẹ̀ kan tó gbé ilé wọn ró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láì sí wọn níbẹ̀. Tèmi ò lè gbé ilé ró fún ọjọ́ mẹ́rin.

Àwa tí à ń ṣeré yìí ní ọ̀rọ̀ kan tí a máa ń sọ, pé ohun tí kò bá sí nílé rẹ kì í ṣe tìrẹ. Mo gbà á gbọ́, mo ṣì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ká ní ọ̀dọ̀ Google ni mo fi fọ́tò wọ̀nyẹn sílẹ̀, tí mo sì bá ìyàwó mi pín wọn, inú fóònù rẹ̀ ni ì bá ti mú un jáde kí omi tó hó lórí iná. Mo rò pé mo gba ẹrù wa lọ́wọ́ àjèjì, mo gbé e wálé. N kò gbé e wálé. Orí ọkùnrin kan ṣoṣo ni mo gbé e sí, ọkùnrin náà sì wà ní Ìbàdàn. Bàbá bàbá mi náà ṣe irú rẹ̀: àpótí onírin tó kó ìwé ilẹ̀ sí, tó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ pa mọ́ síbi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ títí dòní. Ayùn ni wọ́n fi ṣí i lẹ́yìn ìsìnkú, ayùn sì gé díẹ̀ lára ìwé. A máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ nínú ẹbí. Mi ò bá wọn rẹ́rìn-ín mọ́.

Bébà ẹ̀yìn ilẹ̀kùn

Mo pààrọ̀ bátìrì náà. Owó rẹ̀ kò tó abọ́ iyán kan. Mo wọ inú ètò kọ̀ǹpútà náà lọ, mo sọ fún un pé kó má dúró de kíbọọ̀dù mọ́, àti pé nígbàkigbà tí iná bá dé, kó dìde fúnra rẹ̀.

Ìpinnu tó nira ni ti kọ́kọ́rọ́. Mo yọ ọ́ kúrò lára fọ́tò. Ìwé báńkì àti sátífíkéètì nìkan ló ṣì wà ní títì, ọ̀rọ̀ ìfiwọlé wọn sì ti wà nínú àpò ìwé kan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó mọ̀ nípa ààbò bá mi jà lórí èyí. Wọ́n ní bí olè bá gbé e ńkọ́? Bí olè bá gbé e, á rí Màámi nínú gèlè àlùkò níbi ìgbéyàwó kan. Ẹ̀rù tí ìyẹn ń bà mí kéré sí ẹ̀rù pé àwọn ọmọ mi ò ní rí i. Mo mọ̀ pé ìṣirò yìí ò ní rí bákan náà fún gbogbo ilé.

Ẹ̀dà kejì wà lórí hádìdíìsìkì àfẹ̀gbẹ́kọ́, èyí tí à ń fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà láti ìta, nínú fólídà tí mo fi ọdún sọ lórúkọ, tí lápútọọ̀pù èyíkéyìí lè ṣí láì mọ ohun tí Immich ń jẹ́. Ẹ̀kẹta wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ifàkì.

Lẹ́yìn náà, mo jókòó kọ ìlànà sórí bébà ní èdè Yorùbá. Ojú ewé méjì ni. Ìyá Ìbejì kà á, ó fi bírò pa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ rẹ́. Níbi tí mo ti kọ "tún sáfà bẹ̀rẹ̀", ó kọ "tẹ ibi pupa, má tíì fọwọ́ kàn án mọ́ títí o fi ka ọgbọ̀n". Mo ní kò sí ibi pupa lára rẹ̀. Ó bọ́ sẹ́yìn, ó mú kúútẹ́ẹ̀sì rẹ̀ jáde, ó kun bọ́tìnì náà ní pupa, ó kun ẹnu wáyà hádìdíìsìkì náà pẹ̀lú. Mo wò ó, mo rántí sìsọ́ọ̀sì télọ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Èmi ni mo mọ ohun tó wà nínú àpótí yẹn, òun ló mọ bí ẹlòmíràn yóò ṣe rí i. Ìlànà náà ti di ààbọ̀ ojú ewé. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà.

A dán an wò ní Sátidé kan. Mo fa iná rẹ̀ yọ, mo jáde lọ jókòó sábẹ́ máńgòrò, mo sì pa fóònù mi. Kò pẹ́ tí Kẹ́hìndé fi sáré jáde wá pé ó ti tàn, Màmá Àgbà ti jáde, ṣé àwọn lè gbé tẹlifíṣọ̀n padà sí pálọ̀.

Nǹkan kan ṣì kù tí mi ò rí ojútùú rẹ̀. Sáfà tí mo háyà lókè òkun ṣì wà lórúkọ mi, káàdì mi ni wọ́n ń fi gba owó. Lọ́jọ́ tí káàdì yẹn bá kú, ilé nìkan ni wọn yóò ti máa rí fọ́tò, wọn ò ní rí i láti ìta. Mo ti kọ ìyẹn náà sórí bébà. Ìyá Ìbejì pa á rẹ́. Ó ní àwọn tó bá fẹ́ wo Màámi á wá sílé.

Ní ti báńà, ẹ mọ ohun tí à ń fi báńà ṣe lẹ́yìn òde. Wọ́n á sá èlùbọ́ lé e, wọ́n á fi bo igi ìdáná, wọ́n á fi dí ibi tí òrùlé ti ń jò. Kò sẹ́ni tó lè fi èyí ṣe irú rẹ̀, bó ti wù kí ojú náà má hàn tó. Ó wà ní kíká lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù títí òjò ńlá kan fi rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí páànù bẹ̀rẹ̀ sí í ro sórí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Nígbà tí mo dé láti ibi iṣẹ́, Ìyá Ìbejì ti ṣẹ́ báńà náà po, ó ti fi bo kọ̀ǹpútà náà mọ́lẹ̀. Mo ní kó ṣí i, ooru á pa á. Ó ní kí n lọ kan páànù.

Mo gbé sìsọ́ọ̀sì, mo wá ibi tí atẹ́gùn lè gbà. Ibi tí wọ́n tẹ ọjọ́ àti oṣù sí ni mo gé. Mi ò fọwọ́ kan ojú.